Lékeléke Mẹ́tàlélọ́gọ́ta

Hafsoh nà gbalaja sínú koríko létí omi dáàmù tó wà lọ́nà Ijan, bírò lọ́wọ́, ìwé níwájú. Tíṣà Bámgbóyè, tó ń kọ́ wọn ní báyọ́lọ́jì, ti sọ pé ẹni tí àkọsílẹ̀ ẹyẹ etí omi rẹ̀ bá dára jù lọ ni yóò bá òun lọ wo ẹyẹ etí òkun l'Ékòó. Hafsoh kò fojú kan òkun rí, àmọ́ ó ti ya aṣọ tí yóò wọ̀ lọ síbẹ̀ sọ́tọ̀.

Ó ti kọ ẹyẹ apẹja aláwọ̀ búlúù kan sílẹ̀ nígbà tí agbo lékeléke balẹ̀, funfun báláú. Kó kà wọ́n ló kù. Kí ó tó mọ̀, ó ti fò dìde, ó ń ju ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí wọn, ó ń kọrin tọrọ èékánná funfun bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Àwọn ẹyẹ gbéra fìà, kò ku ẹyọ kan.

Hafsoh wo èékánná rẹ̀. Kò funfun sí i. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó wá kọ ọ́ pé: lékeléke, mẹ́tàlélọ́gọ́ta.

Ní Mọ́ńdè, tíṣà la ojú sílẹ̀. "Mẹ́tàlélọ́gọ́ta! Báwo lo ṣe kà á?"

"Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, sà."

"Ó dáa. Lọ́la, gbogbo kíláàsì á lọ wò wọ́n. Ìwọ ni wàá ṣáájú."

Wọn ò tíì dé etí omi tán tí Bàbá Nọ́fíù, tó máa ń pẹja níbẹ̀, fi pariwo láti inú ọkọ̀ rẹ̀:

"Ẹ mú ọmọ yẹn kúrò níbẹ̀ o! Òun ló lé gbogbo ẹyẹ re ulé ní Sátidé! Èékánná ló ń tọrọ, bó ṣe dàgbà tó yẹn!"

Kíláàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Tíṣà pàápàá fi ìwé bojú.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, irọ́ ni mo pa," ni Hafsoh wí, omi lójú rẹ̀. "Mi ò rí ẹyọ kan kà. Ojú ló ń tì mí láti kọ ọ́ pé èmi ni mo lé wọn."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu tíṣà. "Ká ní o kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ ni ì bá bá mi lọ. Ìwọ nìkan lo rí ẹyẹ apẹja. Àmọ́ báwo ni mo ṣe fẹ́ gba ìyẹn gbọ́ báyìí?"

Dùnmínínú, tó kọ lékeléke mẹ́rin péré, ló bá tíṣà lọ sí Èkó. Ó dun Hafsoh wọ eegun, nítorí irọ́ kan ṣoṣo ló ba òótọ́ tó ti kọ sílẹ̀ jẹ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó padà sétí omi. Nígbà tí lékeléke balẹ̀, ó jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n wúyẹ́wúyẹ́: "Ení, èjì, ẹ̀ta..."