Níbi Tó Sùn, Kí Ni Wọ́n Ń Pe Irin?

Àpótí kan ṣoṣo ló gbé Mùkáílà wá sí àgbẹ̀dẹ bàbá mi ní Ìsúndunrin. Àpótí pákó ni, ó fẹ́ kí wọ́n fi irin de igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí ó ń múra àtilọ sí ọ̀nà Àbíjàn bíi gbogbo àwọn ọ̀dọ́ Èjìgbò ìgbà náà. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi wá.

Èmi ni mo ń ta ọkọ́ àti àdá níwájú àgbẹ̀dẹ. Lọ́jọ́ kẹta, mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé àpótí náà lẹ ṣì ń wá wò?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àpótí ò lójú, Ọmọpẹ́. Ohun tó lójú ni mò ń wá wò."

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo gbọ́ ọ dáadáa, inú mi sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo ta ọkọ́ méjì fún ẹnì kan tó ní ẹyọ kan lòun fẹ́.

Bàámi Oyèdèjì ò gbọ́ ìkankan níbẹ̀. Ariwo ọmọ owú ti pa etí wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Etí ọ̀tún nìkan ló kù tó ń gbọ́ díẹ̀, ìyẹn náà tí èèyàn bá kígbe sí i. Torí náà, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ fún wọn, ìyá mi Damaris ló máa ń lọ bá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Mùkáílà dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàámi, ó kígbe sí etí ọ̀tún pé èmi lòun fẹ́ fẹ́. Bàámi gbé ẹ̀mú sílẹ̀. Wọ́n mú un lọ sí ẹ̀bá odò, àwọn méjèèjì nìkan. Nígbà tí ó padà dé, ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí wọ́n gbé ẹrù tó tóbi jù ú lọ rù.

"Kí ni Bàámi wí?"

"Wọ́n ní n ò gbọ́dọ̀ sọ fún ọ. Àbẹ̀kẹ́ mi, ṣá dúró dè mí. Kí ọdún méjì tó pé, màá dé."

"Ẹ máa kọ lẹ́tà sí mi nígbà náà."

"Kéú ni mo kà. Tí mo bá kọ ọ́, ta ni yóò kà á fún ọ?"

"ABD lèmi náà kà," ni mo wí, àwa méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín òmùgọ̀. Ọdún 1968 nìyẹn, oṣù kejì.

Nílé, ìyá mi ò rẹ́rìn-ín rárá. "Onímàle! Ará ọ̀nà jíjìn! Matthias wà níbí, tíṣà ni ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ó ń kọrin nínú kúáyà wa. Kí lo tún ń wá?"

Mi ò mọ ohun tí mò ń wá. Mùkáílà ni mo mọ̀.

Oṣù mẹ́ta kọjá kí a tó gbúròó rẹ̀. Bàrákátù, ìyá tó máa ń ta abọ́ láti Èjìgbò títí dé Kùmásì, yà nílé wa. Ó gbé nǹkan kékeré kan tí wọ́n fi aṣọ wé lé ìyá mi lọ́wọ́. "Mùkáílà ló ní kí n fún Bàbá," ló wí. Ó dúró díẹ̀, ó la ẹnu, ó tún pa á dé, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Hínjì ilẹ̀kùn ni, apá kan ṣoṣo.

Ìyá mi jókòó. Ọwọ́ ìyá àgbà kan tó mọ àrokò kà ni wọ́n ti tọ́ wọn dàgbà, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tí ẹnì kan lè fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí wọn ò ní kà. "Apá kan hínjì," ni wọ́n wí. "Ilẹ̀kùn tó ti yọ kúrò lára férémù. Ọmọpẹ́, ó ní òun ò sí nínú ilé yìí mọ́."

"Màámi, bóyá irin lásán ni."

"Ta ló ń fi irin lásán ránṣẹ́ sí alágbẹ̀dẹ?"

Wọ́n fi hínjì náà pamọ́ sísàlẹ̀ ìkòkò. Wọn ò sọ fún Bàámi, torí wọn ò fẹ́ kígbe ìtìjú ọmọ wọn kí gbogbo àdúgbò gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni Bàrákátù tún mú kọ́kọ́rọ́ kan dé, eyín rẹ̀ ti kán. Ìyá mi ní, "Ó ní kò sí ohun tí yóò ṣí òun sílẹ̀ fún ọ mọ́." Nígbà tí ọdún yí, apá kan àlùmọ́gàjí ló mú wá. Èyí kò nílò ìtumọ̀. Èmi fúnra mi wò ó, mo sì sunkún, torí ohun tó dá lójú ni pé apá kan àlùmọ́gàjí kò lè gé nǹkan kan láyé.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú. Ẹni tí kò fẹ́ni mọ́, ṣé kì í kàn dákẹ́ ni? Kí ló dé tó ń rán èèyàn láti kọ̀ mí lẹ́ẹ̀mẹta? Mo máa ń jí láàárọ̀ kí n ní mo kórìíra rẹ̀, kó tó di ọ̀sán màá ti máa wo ojú ọ̀nà.

Èkẹrin ló pa mí. Àyànníyì, awakọ̀ kan ní Èjìgbò, ló mú un dé: ìṣó kan, ó ti tẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ. Ìyá mi ò tilẹ̀ túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọkàn rẹ̀ ti yí padà pátápátá. Gbígbóná gbígbóná là ń lu irin. Jẹ́ kí Matthias wá."

Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n kígbe sí Bàámi létí pé Matthias fẹ́ wá tọrọ mi. Ó yà mí lẹ́nu pé Bàámi gbà. Wọ́n kàn mi orí, wọ́n ní, "Ọmọkùnrin ìjọsí ò mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ẹ jẹ́ kó wá." Èmi rò pé àwọn náà ti gbọ́ nípa àrokò ni. Ọjọ́ kejì Kérésì ọdún 1969 ni a fi ìdána sí.

Matthias kì í ṣe èèyàn burúkú. Tó bá jẹ́ èèyàn burúkú ni, ìtàn mi ì bá rọrùn.

Nígbà tí ó ku oṣù méjì kí ọjọ́ ìdána pé, mo kó irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde lábẹ́ ìkòkò, mo kó wọn lọ bá Bàámi. Mo fẹ́ kí wọ́n rọ wọ́n di ọ̀bẹ kan fún mi, kí n máa fi gé iṣu nílé Matthias, kí n lè gbàgbé pé wọ́n ti jẹ́ nǹkan míì rí.

Bàámi mú hínjì náà, wọ́n yí i padà, wọ́n fi ọmọ owú kàn án jẹ́jẹ́. Wọ́n mú kọ́kọ́rọ́. Ojú wọn yí padà.

"Níbo lo ti rí irin wọ̀nyí?"

Mo kígbe sí etí ọ̀tún: "Mùkáílà ló fi wọ́n kọ̀ mí!"

"Ó fi wọ́n ṣe kí ni?"

"Àrokò ni! Màámi ló kà á!"

Bàámi jókòó sórí ìtí igi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó fẹ́ jọ ẹkún.

"Ọmọpẹ́, èmi ni mo rán an. Mo sọ fún un létí odò pé ẹni tó máa mú ọmọ mi kọjá ibi tí ojú mi tó, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń pe irin níbi gbogbo tó bá sùn. Ẹni tí kò lè bèèrè irin kò lè bèèrè ọkọ́, kò lè bèèrè ọ̀bẹ. Kí ni yóò fi bọ́ ọ? Mo ní kó máa fi irin ibẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí ẹni tó mú un wá máa sọ orúkọ rẹ̀. Mo ní kó má sọ fún ọ, torí o kàwé, wàá lọ bá a wá a nínú ìwé. Mo ti ń retí láti ìgbà náà. Mo rò pé kò fi nǹkan kan ránṣẹ́."

Ayé yí mi lójú. Ohun tí mo fi sunkún fún ọdún kan ààbọ̀, "mo fẹ́ ọ" ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló ti sọ ọ́.

Inú mi dùn, inú sì ń bí mi. Mi ò mọ ẹni tí n bá fi ìbínú náà hàn, bóyá Bàámi, bóyá Màámi, bóyá èmi fúnra mi.

Èèwọ̀ ni kí n jókòó. Mo gba Èjìgbò lọ, mo bá Bàrákátù nílé.

"Ìyá, kí ni Mùkáílà ní kí ẹ sọ?"

Ó bo ojú. "Ọmọ mi, ojú ló tì mí. Kí n kàn wọlé olúwarẹ̀ kí n máa ní 'gàn, gàn'? Ṣé wọn ò ní sọ pé orí mi ti dàrú? Ṣùgbọ́n mo rántí. Ti hínjì ni gàn, ní Pọ́ọ̀tù-Nófò. Ti kọ́kọ́rọ́ ni gà, ní Lómè. Ti àlùmọ́gàjí ni dade, ní Kùmásì."

Àyànníyì náà rántí tirẹ̀: nẹ̀gẹ̀, èdè àwọn Júlà, ní Bùwàkẹ́ lọ́nà Àbíjàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dárúkọ ìṣó, ó ní ọkọ̀ ń pe òun, ó sì sáré jáde.

Mo kígbe orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí Bàámi létí. Wọ́n ń tún wọn pè bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Gàn, gà. Ọmọ ìyá làwọn yìí. Ó ní láti jẹ́ pé àwọn ìlú náà ń fẹ́ ara wọn. Dade dá wà. Irin kan náà, iná kan náà ló ń rọ̀ ọ́. Kí ló dé tí orúkọ rẹ̀ ò dúró sójú kan?" Ọ̀rọ̀ náà rú àwọn náà lójú.

Mo sọ òótọ́ fún Matthias. Lọ́jọ́ kejì, ó wá bá Bàámi pẹ̀lú ìwé kan, ó kígbe ka ohun tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń pe irin sí etí ọ̀tún wọn, ó ka ti àwọn ará Jámánì, ó ka tó bíi méjìlá. Bàámi tẹ́tí sí gbogbo rẹ̀.

"Ó dáa gan-an, tíṣà. Ní àwọn ìlú wọ̀nyẹn, ta ló fún ọ lómi mu?"

Matthias pa ìwé náà dé. "Kò sẹ́ni kankan, Bàbá."

Ó kí mi, ó sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Mo sunkún fún un pẹ̀lú. Ìyá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ṣùgbọ́n Mùkáílà ò dé. Oṣù kọkànlá ni ìjọba Gánà ní kí gbogbo àlejò kó ẹrù wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn èèyàn wa ń dé sí Èjìgbò nínú lọ́rí, àwọn míì pẹ̀lú aṣọ ọrùn wọn nìkan. Wọ́n ní Mùkáílà ti kúrò ní Bùwàkẹ́, ó ń bọ̀ wálé, ó sì yà sí Kùmásì. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ sí ibùdókọ̀. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kérésì, ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀, ó rù, irùngbọ̀n bo ojú rẹ̀. Kò gbé àpótí kankan.

"Àbẹ̀kẹ́," ló wí.

Mi ò lè sọ ohunkóhun tó dáa. Mo ní, "Àpótí tí Bàámi fi irin dè ńkọ́?"

"Ó wà ní Kùmásì. Ọwọ́ ẹni tó ń gbé inú yàrá mi báyìí."

Bàámi ò jẹ́ kó sinmi. Wọ́n mú un dúró síwájú iná, ìyá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọwọ́ ní ìbàdí. "Kà á," ni Bàámi wí.

Mùkáílà kígbe sí etí ọ̀tún: "Ní Pọ́ọ̀tù-Nófò, gàn. Ní Lómè, gà. Ní Kùmásì..."

Ó dúró. Ó gbìyànjú, omi lé sí i lójú. Orúkọ náà ò jáde. Ibẹ̀ ló ti gbé pẹ̀lú àwọn èèyàn tó fún un lómi, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti lé e bí ajá.

Bàámi ń dúró.

Mo rìn lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo fi ẹnu sí etí ọ̀tún Bàámi, mo pariwo: "Dade!"

Mùkáílà wò mí bí ẹni tó rí iwin. Lẹ́yìn náà ló kígbe parí rẹ̀: "Àwọn Haúsá Sọ́ńgò, àdúgbò àlejò ibẹ̀, ń pè é ní karfe. Ní Bùwàkẹ́, nẹ̀gẹ̀."

Bàámi wo èmi, wọ́n wo òun. "Ó ti tó. Ibi tí ìkan bá ti gbàgbé, ìkejì yóò bèèrè. Damaris, fún ọmọ yìí lóúnjẹ."

Ìyá mi ò tíì fẹ́ gbà. Wọ́n gbé ìṣó jáde. "Èyí ńkọ́? Ìṣó tó tẹ̀, kí lo fi ń sọ fún ọmọ mi?"

Mùkáílà gbà á, ó wò ó. "Mà, èyí kì í ṣe tèmi. Ojú ẹ̀wọ̀n méjì tó kọ́ ara wọn ni mo fún Àyànníyì."

Ojú ẹ̀wọ̀n méjì! Èyí tí ìyá mi ì bá kà sí ìgbéyàwó láìfi àkókò ṣòfò, a wá gbọ́ pé Àyànníyì ti fi í so ẹ̀yìn lọ́rí rẹ̀ tó ń já, ó sì ṣa ìṣó nílẹ̀ dípò rẹ̀. Ìyá mi wo ìṣó náà, wọ́n kúnlẹ̀ yọ igbá ata tí wọ́n ti fi pamọ́ fún ìdána Matthias, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ ọ́ fún ọbẹ̀ Mùkáílà.

Áfáà ló so wá pọ̀, pásítọ̀ wa náà sì wá gbàdúrà. Bàámi rọ irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ọ̀bẹ kan fún mi, títí kan ìṣó àṣìṣe náà.

Nígbà tí a dé Bùwàkẹ́, mo wá irin tó dáa kan, mo fi ránṣẹ́ sí Bàámi. Mo kọ orúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀ sí pépà gàdàgbà, mo so ó mọ́ ọn. Mo gbọ́ pé ìyá mi ló gbà á lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní wọ́n wò ó síwá, wọ́n wò ó sẹ́yìn, wọ́n sì kígbe pe Bàámi: "Ẹ wá o! Ọmọ yín tún ti pa àrokò míì!"