Àwọ̀ Tí Ọmọ Ayafọ́tò Fi Pamọ́

Irun ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ni iwájú orí yọ, ìpéǹpéjú tẹ̀lé e, bí ẹni tó ń rọra yọjú láti abẹ́ omi. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sábẹ́ ẹnu rẹ̀, ó ń gbọ́ bí inú ẹ̀rọ náà ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ṣìì, ṣìì, ṣìì, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ létí ẹni tó ń sùn. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé, ó nà gbalaja sórí ilẹ̀. Nígbà tí ìwé náà já bọ́ sí i lọ́wọ́, ojú ìyá rẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín sí i.

"Ó ti jáde, Bàámi," ló ké sísàlẹ̀.

Ẹ̀rín bàbá rẹ̀ gba orí àtẹ̀gùn gòkè wá. "Èmi jókòó síbí, iṣẹ́ mi ń jáde lókè. Ẹnjiníà mi, o kú iṣẹ́."

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ilé ti ń pè é ní Ẹnjiníà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, kíláàsì àṣekágbá ló wà. Ayafọ́tò ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń ta aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé. Yàrá òkè ni bàbá ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti kó dé ilé náà, títí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣi ẹsẹ̀ gbé lórí àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn èkejì, ìyá sọ pé òun kò fẹ́ rí i lórí àtẹ̀gùn náà mọ́, ó sì gbé tábìlì àti kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá ìgbàlejò. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni kò ṣeé gbé, torí ìsàlẹ̀ ní ọ̀rinrin, ọ̀rinrin sì ń mú kí ìwé fọ́tò ká jọ. Ẹ̀rọ àtijọ́ ni pẹ̀lú. Bí kò bá sí wáyà láàárín òun àti kọ̀ǹpútà, kò ní gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń wí.

Ẹnjiníà ló rí ọ̀nà sí i. Ó gbé kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ti pa tì sára ògiri, ó nu eruku rẹ̀, ó fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó sì so òun náà mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé. Ohun tí bàbá bá fi ránṣẹ́ láti ìsàlẹ̀, kọ̀ǹpútà yìí ni yóò kọ́kọ́ gbà á, yóò wá gbé e fún ẹ̀rọ. Ó ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ pé sáfà ni wọ́n ń pe irú rẹ̀.

"Ìyẹn ni pé ẹni tí à ń rán níṣẹ́ ni," ni ìyá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Kó wá bá mi fọ abọ́ nígbà náà."

Kò tètè bọ́ sí i. Ní ọjọ́ kìíní, ogójì ìwé ló kún fún àmì wẹ́rẹwẹ̀rẹ tí ẹnikẹ́ni kò lè kà, torí ó ti ṣèèṣì sọ fún sáfà pé irú ẹ̀rọ mìíràn ló wà níwájú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, bàbá ń tẹ̀, sáfà ń gbà, ẹ̀rọ dákẹ́ lọ gbári. Ọjọ́ kẹta ni ojú ìyá rẹ̀ jáde láàárín oòrùn ìrọ̀lẹ́.

Dókítà ti yẹ ojú bàbá wò lóṣù tó ṣáájú. Ó ní nǹkan funfun kan ń bo ẹyin ojú méjèèjì, àmọ́ kò tíì yẹ fún iṣẹ́ abẹ. "Ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta," ni dókítà wí. "Ṣùgbọ́n tí àwọ̀ bá ti ń yí padà lójú yín, ẹ má dúró de ọjọ́ yẹn. Ẹ tètè wá."

Bàbá fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín. "Ayafọ́tò ni mí. Bí àwọ̀ bá yí, ìwé ni yóò kọ́kọ́ sọ fún mi." Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òun àti ọmọ rẹ̀ jókòó, ó sọ nǹkan mìíràn láìwo ojú rẹ̀. "Ọjọ́ tí mi ò bá mọ àwọ̀ mọ́, Ẹnjiníà, mi ò mọ ohun tí màá máa jí ṣe láàárọ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí ló wà lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ tí fọ́tò ọmọ ọwọ́ kan jáde. Ó kúnlẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́. Fìlà ọmọ náà yọ, iwájú orí yọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ. Búlúù ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà, bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú odò. Ó yẹ íńkì wò, íńkì kún. Ó ṣí àwòrán náà lójú sáfà: bí bàbá ṣe tún un ṣe tó sì fi í ránṣẹ́ nìyẹn. Ojú rẹ̀ kò rí búlúù dáadáa mọ́, ó wá ń bu ú sí i kí ó lè rí i.

"Ṣé ó dára?" ni bàbá béèrè láti ìsàlẹ̀.

Ó wo ọmọ búlúù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo orí àtẹ̀gùn. Kò ju kó sọ ọ̀rọ̀ kan lọ.

"Ó dára, Bàámi," ló wí. Ó ká fọ́tò náà, ó fi í sínú àpò, ó dín búlúù rẹ̀ kù lójú sáfà, ó sì tẹ òmíràn jáde. Inú ìyá ọmọ náà dùn gan-an nígbà tó wá gbà á.

Láti ìgbà náà ló ti pàṣẹ fún sáfà pé kí ó máa dá gbogbo iṣẹ́ dúró títí òun yóò fi dé láti ilé-ìwé. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé yàrá òkè máa ń gbóná lọ́sàn-án, ìwé fọ́tò kò sì fẹ́ ooru. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò gòkè, yóò ti ilẹ̀kùn, àwọn ojú tí kò mọ̀ rí yóò máa dúró dè é: ìyàwó, arúgbó, ọmọ ẹlẹ́yín kan ṣoṣo, gbogbo wọn búlúù bí ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ omi. Òun ni yóò máa fà wọ́n gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà mìíràn oorun a fẹ́ gbé e lọ níbẹ̀, kò sì ní mọ èyí tó ń tún ṣe àti èyí tó ń lá. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé nítorí bàbá òun ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ mìíràn wà tí kò sọ fún ara rẹ̀: bí oníbàárà bá ti ń yin àwọ̀ fọ́tò, inú rẹ̀ ló máa ń dùn. Ó ti ń dùn mọ́ ọn pé òun ni ọwọ́ tí ẹnìkan kò rí.

Bàbá ni inú rẹ̀ kò dùn sí i. Ó gbé fọ́tò kan sún mọ́ fèrèsé, ó jìnnà sí i, ó tún sún mọ́ ọn.

"Ohun tí mo rí lójú kọ̀ǹpútà kọ́ nìyí. Ìwé yìí pọ́n rúsúrúsú, bíi pé wọ́n rẹ ẹ́ sínú tíì."

"Ẹ̀rọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, Bàámi," ni Ẹnjiníà wí. "Màá tún un ṣe."

Bí bàbá bá bu búlúù kún un, ọmọ rẹ̀ á yọ ọ́ kúrò. Bàbá pààrọ̀ íńkì. Ó pààrọ̀ ìwé. Oṣù kẹta pé, ìyá sì rán bàbá létí ọjọ́ dókítà nínú yàrá ìgbàlejò.

"Bàbá Ẹnjiníà, ẹ jẹ́ ká lọ. Aṣọ aláwọ̀ ewé ni mo ní kẹ́ ẹ mú fún mi lánàá, dúdú lẹ mú wá."

"Ṣọ́ọ̀bù yẹn ṣókùnkùn ni," ni bàbá wí. "Wò ó, mo ti rò ó dáadáa. Bó bá jẹ́ ojú mi ló ń ṣe mí, ojú kan náà ni mo fi ń wo kọ̀ǹpútà, òun náà ni mo fi ń wo ìwé. Méjèèjì ni ì bá jọ yí. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà dára, ìwé nìkan ló yí. Ẹ̀rọ ni. Ẹnjiníà náà sọ bẹ́ẹ̀. Tí iṣẹ́ ọwọ́ mi yìí bá tán, a ó lọ."

Ẹnjiníà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife omi tí wọ́n ní kó bu wá. Ó rí i kedere pé kò sí àléébù kankan nínú ìrònú bàbá òun, àfi irọ́ tí òun fi sí ìdí rẹ̀. Ó la ẹnu. Ó rántí ohun tí bàbá sọ nípa jíjí láàárọ̀. Ó gbé omi náà sílẹ̀, ó sì gòkè lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe ìdánwò sáyẹ́ǹsì nílé-ìwé ni olùkọ́ àwọn ọmọ kékeré kan wá gba fọ́tò kíláàsì rẹ̀. Ọjọ́ kejì ló yẹ kó wá, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà ibẹ̀ ni òun ń gbà kọjá. Bàbá ní kí ìyá bá òun gòkè lọ tẹ iṣẹ́ náà jáde. Ìyá ti rí ibi tí ọmọ rẹ̀ máa ń tẹ̀ lójú sáfà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn. Ó tẹ ibẹ̀. Fọ́tò mẹ́rìnlélógún ló jáde.

Nígbà tí Ẹnjiníà wọlé pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn, wọ́n ti tẹ́ gbogbo wọn sórí tábìlì. Olùkọ́ náà jókòó, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bàbá gbé ọ̀kan sókè, ojú rẹ̀ sì ń dán bí ti ẹni tí wọ́n dá nǹkan rẹ̀ padà fún.

"Ẹnjiníà, o ti rí i ṣe níkẹyìn," ló wí. "Wò ó. Bí mo ṣe ṣe é lójú kọ̀ǹpútà náà ló rí. Ẹ̀rọ náà ti gbádùn."

Odidi kíláàsì ọmọ kékeré ló wà lórí tábìlì, gbogbo wọn búlúù.

Ìyá kò wo bàbá. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ṣé kì í ṣe pé íńkì ló tán?"

Ọ̀nà àbáyọ nìyẹn, ìyá rẹ̀ sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i sílẹ̀ fún un. "Bẹ́ẹ̀ ni" nìkan ni yóò dáhùn, olùkọ́ á máa lọ, ìrọ̀lẹ́ á sì máa lọ bó ṣe ń lọ. Ó wo ẹ̀rín tó wà lẹ́nu bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀.

"Íńkì kò tán, Màámi. Bàámi, ẹ̀rọ kò ṣe nǹkan kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Búlúù ni àwọn fọ́tò yìí, ẹ kò sì rí i. Ó ti lé lóṣù mẹ́ta báyìí tó ti ń jáde bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ń tún wọn ṣe lókè kẹ́nikẹ́ni tó rí wọn."

Bàbá gbé fọ́tò náà sún mọ́ ojú, ó fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ kan nínú rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ lè mọ ohun tí ojú kò mọ̀. Olùkọ́ náà dìde, ó ní òun á padà wá, ó sì rọra jáde.

"Ìwé ni mo ní yóò sọ fún mi," ni bàbá wí níkẹyìn. Kò pariwo. "Ó ń sọ ọ́. Ìwọ lo ń dí i lẹ́nu."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n dé ọ̀dọ̀ dókítà. Dókítà ní ojú ọ̀tún ṣì ṣeé ṣe, òun á sì yọ nǹkan funfun náà kúrò lọ́sẹ̀ náà. Ti òsì ti pẹ́ jù. Ohun tó bò ó ti wú sínú, ó ti tẹ iṣan ojú, iṣan náà sì ti kú. "Ká ní ẹ ti wá ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn," ni dókítà wí, kò sì parí rẹ̀. Ẹnjiníà fi orí ti ògiri ọ̀nà ilé ìwòsàn, ó sunkún títí yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ fi tutù.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Ojú ọ̀tún bàbá padà mọ́lẹ̀, ti òsì ṣú síbẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan ni òun àti ọmọ rẹ̀ kò fi ní ọ̀rọ̀ ju ẹ káàárọ̀ lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá pè é jókòó.

"Mo mọ̀ pé àánú mi ló ṣe ọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n ojú mi ni. Èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ gbọ́. O gbé ẹrù mi, o sì fi mí sílẹ̀ sínú òkùnkùn láìsọ fún mi pé ilẹ̀ ti ṣú."

"Ẹ má bínú, Bàámi. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Èmi náà, ẹ̀rù bà mí. À bá ti jọ bẹ̀rù pọ̀."

Ẹnjiníà kọ lẹ́tà sí olùkọ́ náà, ó sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, ó sì tún fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún tẹ̀ níṣojú bàbá rẹ̀. Ó mú àṣẹ ìdádúró kúrò lára sáfà. Iṣẹ́ tí bàbá bá fi ránṣẹ́ báyìí, bó ṣe rí ló ń jáde.

Ó gba kámẹ́rà fúnra rẹ̀ nígbà tí ìdánwò parí. Ó ya ìyá rẹ̀ láàárín àwọn ìdì aṣọ, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tó gba ẹ̀yìn wọlé, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé e wá fún bàbá. Bàbá yí orí kí ojú ọ̀tún lè rí i dáadáa, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀.

"Kò dára," ló wí. "Ojú ìyá rẹ ṣókùnkùn, ọwọ́ rẹ sì gbọ̀n. Lọ tún un yà."

Ó dùn ún. Síbẹ̀, bó ṣe ń padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó rí i pé nǹkan kan ti fúyẹ́ láyà òun, torí ó mọ̀ pé lọ́jọ́ tí bàbá òun bá sọ pé ó dára, yóò dára lóòótọ́. Ó ti wá yé e pé òótọ́ ló yẹ kéèyàn máa sọ fún ẹni tó fẹ́ràn, pàápàá èyí tó ń dun ni, torí òun nìkan ni onítọ̀hún lè fi ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ń ka aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù.

"Màámi, ẹ dákun, ẹ sún mọ́ ẹnu ọ̀nà díẹ̀," ló wí, ó sì gbé kámẹ́rà sójú.