Ẹni Tó Ń Pe Ìlú Wa ní Fẹsáì

Ẹsẹ̀ ẹṣin ló há sáàárín orúnkún ọkùnrin náà, ìṣó sì wà lẹ́nu rẹ̀, nígbà tí Olẹ́tà kọ́kọ́ rí i nínú ọgbà ẹṣin. Ó yọ ìṣó lẹ́nu, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, arẹwà. Rosẹ́ẹ̀ lorúkọ mi. Láti Kánádà ni mo ti wá kan bàtà ẹṣin ní Fẹsáì yín yìí."

"Níbo?" Olẹ́tà bú sẹ́rìn-ín. "Ní Kẹ́ńtọ́kì níbí, Fasélísì là ń pè é o, àlejò."

"Àwọn Faransé tó ni orúkọ náà ńkọ́? Fẹsáì ni wọ́n ń pè é."

"Ẹ ránṣẹ́ sí wọn, kí wọ́n wá kan bàtà ẹṣin wa!"

Báyìí ni yẹ̀yẹ́ di ìfẹ́. Kó tó di ìgbà ìkórè tábà, Rosẹ́ẹ̀ ti ní kí ó fẹ́ òun. Ó ku kí bàbá Olẹ́tà fọwọ́ sí i. Ìyá Olẹ́tà ti kú, ọmọbìnrin náà ò sì lè wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó bí kò bá ṣe apá bàbá rẹ̀ ló dì mú.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Olẹ́tà din adìẹ, ó yan búrẹ́dì àgbàdo, ó sì pe Rosẹ́ẹ̀ wá bá bàbá jẹun. Bàbá ń gbàdúrà fún gbogbo ará Fasélísì lọ́wọ́ ni Rosẹ́ẹ̀ já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu.

"Fẹsáì ni, bàbá. Ẹ̀ ń ṣì í pè."

Bàbá lajú. "Ibí la sin bàbá bàbá mi sí. Olẹ́tà, mi ò fi ọ́ fún ọkùnrin yìí."

Ní ẹ̀yìnkùlé, Olẹ́tà di Rosẹ́ẹ̀ lápá mú. "Olólùfẹ́ mi, kí ló dé tó ò lè pa á mọ́ra?"

"Ní Tòróntò tí mo ti kọ́ṣẹ́, àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi bí èmi elédè Faransé ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣẹ̀sín. Mo búra pé mi ò ní yí ẹnu mi padà fún ẹnikẹ́ni mọ́."

Olẹ́tà padà wọlé. "Bàbá, Màmá sọ ohun tó lé yín kúrò nílé iṣẹ́ mọ́tò ní Ditirọ́ìtì fún mi. Rosẹ́ẹ̀ náà ti jẹ nínú ìyà yẹn."

Bàbá ti àwo rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Bí mo bá ti lanu níbẹ̀, wọ́n á ní, 'Ará oko, tún un sọ, ká rẹ́rìn-ín.'"

Ó dìde, ó jáde tọ Rosẹ́ẹ̀ lọ, Olẹ́tà sì tẹ̀lé e.

"Ọmọkùnrin, kí lẹ̀ ń pe ìlú tìrẹ?"

"Kebẹ́ẹ̀kì, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí àdúrà tí mo já gbà mọ́ yín lẹ́nu jì mí."

"Kuwi… Kebi…" Ahọ́n bàbá kọsẹ̀. Ojú tì í.

Rosẹ́ẹ̀ ò rẹ́rìn-ín rárá. "Ó kù díẹ̀, bàbá."

"Kebẹ́ẹ̀kì."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni."

Bàbá mú ọwọ́ Olẹ́tà, ó fi lé Rosẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

"Pe ìlú wa bó ṣe wù ọ́, Rosẹ́ẹ̀. Ṣáà má gbé ọmọ mi kúrò níbẹ̀."