Téèpù Tí Kò Gòkè

Kí ọ̀kadà tó gbé Basheerah àti bàbá rẹ̀ dé Gàmbàrí, ọmọbìnrin náà ti ka ìwé àdéhùn iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò sì tíì sú u. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, òun ló lọ tẹ̀ ẹ́ ní Ọjà Tuntun. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn bíi ti ọmọ tó máa ṣe wòlímọ̀ lọ́la.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Salman, bàbá rẹ̀, ti ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, ọ̀rọ̀ ẹnu ló sì fi ń gba gbogbo iṣẹ́. Ti mọ́sálásí ńlá Gàmbàrí yìí ni àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kó kọ sílẹ̀: iye éésì tí yóò wà nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin, iye tí yóò wà lókè lọ́dọ̀ àwọn obìnrin, àti pé bí ibẹ̀ kò bá tutù, owó ara rẹ̀ ni yóò fi ra èyí tó kù.

Lọ́jọ́ Àlàrùbá tó kọjá, Salman wọn ìsàlẹ̀. Àwọn obìnrin ń kéwú lọ́wọ́ lókè, kò lè gòkè, ló bá fa téèpù ìwọ̀n lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ pé kó lọ wọn òkè, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ni Huda, ọ̀rẹ́ Basheerah, ká a mọ́. Ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n Huda ku ọ̀la, obìnrin tó ń lé làálì sì ti fẹ́ máa lọ. Basheerah ní kó dúró de òun díẹ̀. Huda fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Òkè yìí kọ́ ló wà lórí ìsàlẹ̀ ni? Àwọn obìnrin kò sì pọ̀ tó ọkùnrin, kọ ìdajì tìsàlẹ̀, jàre. Ta ní ń wọn ooru?"

Basheerah kọ ìdajì. Ẹ̀rọ mẹ́rin wà nísàlẹ̀, ó kọ méjì sókè. Ó bá Huda lọ lé làálì, làálì náà sì mú dáadáa.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ yìí, lẹ́yìn ìrun Alaásárì, Alhaji Abdulqudus, alága ìgbìmọ̀ mọ́sálásí, ka ìwé náà, ó ń mirí bí ẹni tó tẹ́ lọ́rùn. Ó béèrè ẹni tó kọ ọ́. Salman nawọ́ sí ọmọ rẹ̀, ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Àdínnì, olórí àwọn obìnrin, ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀, ló bá ń ṣàdúrà.

"Ọmọ mi, ayé rẹ á tutù bí o ṣe fẹ́ mú tiwa tutù. Páànù gbígbóná ló wà lórí wa lókè yẹn, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ń bá wa kírun. Ní Ramadáànì tó kọjá, èèyàn méjì ló dákú."

Ayọ̀ inú Basheerah dúró gbagidi. Páànù? Oòrùn ìrọ̀lẹ́? Kò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Bàbá rẹ̀ sì ti ṣí bírò. Bó bá dákẹ́, iṣẹ́ ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ra èyí tó kù?

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ sí i. N kò wọn òkè. Mo fojú dá a ni."

Alhaji yọ ìwé mìíràn lápò. Ó ní oníṣẹ́ éésì kan láti àdúgbò Fate ti mú tirẹ̀ wá, bí àwọn bá sì ti kírun Màgàríbì tán, èyí tó bá pé lòun yóò mú.

Basheerah sáré gòkè. Ìyá Àdínnì tẹ̀lé e, ó di etí kejì téèpù mú, ó ń rẹ́rìn-ín pé òun ti di ọmọ iṣẹ́ éésì lọ́jọ́ ogbó. Wọ́n wọ̀n ọ́n dé ògiri. Òkè yọ jáde ré kọjá ìsàlẹ̀, ó bo gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú! Salman ṣírò rẹ̀, méjì di márùn-ún. Ó ń pe iye náà lọ́kọ̀ọ̀kan láìwo ojú ọmọ rẹ̀, ọmọ ń fọwọ́ tún un kọ, òógùn ń kán sórí tábìlì. Bó ṣe parí rẹ̀ ni wọ́n pèrun.

Lẹ́yìn ìrun, Alhaji tẹ́ ìwé méjèèjì síra, ó wò wọ́n pẹ́. Lójijì ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ti Fate náà kọ méjì. Òun náà kò gòkè. Tiyín wọ́n ju tirẹ̀ lọ, Salman, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti fi òógùn wọn tiyín."

Kó tó fọwọ́ sí i, ó ní kí ẹni tó wọn òkè kọ́kọ́ fọwọ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ iye márùn-ún náà. Basheerah mú bírò. Ó fọwọ́ sí i tayọ̀tayọ̀, làálì ọwọ́ rẹ̀ ń pọ́n yòò lórí ìwé.

Lójú ọ̀nà ilé ni Salman tó bá ọmọ rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà.

"A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Níbi tí téèpù kò bá dé, kí bírò má ṣe dé ibẹ̀."

Basheerah ní òun ti gbọ́. Ó ti mọ̀ báyìí pé àṣìṣe tí a bá tètè jẹ́wọ́ ṣì ṣeé tún kọ, èyí tí a bá fọwọ́ bò ni yóò sọ ẹlòmíràn di ajigbèsè. Ó tẹ téèpù sínú àpò rẹ̀, ó sì bi bàbá rẹ̀ léèrè ọjọ́ tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀.