Ta Ló Ń Gé Ìrù Ewé Jẹ?

Mùíbátù jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Ní ọdún tí wọ́n ṣí yunifásítì tuntun sí ìlú Ọ̀tà, ó wà ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní àdúgbò Ilo-Awela.

Àpótí dígí ńlá kan wà nínú kíláàsì rẹ̀. Omi òkun ni ó kún inú rẹ̀. Ẹja wẹ́wẹ́ ń lúwẹ̀ẹ́ láàárín àwọn òkúta òkun.

Póló, póló, póló, ni omi náà ń hó.

Bọ̀dá Ephraim ni ó kó àwọn ẹja náà wá. Àbúrò Àǹtí Àpọ́nlé, olùkọ́ wọn, ni. Ẹ̀kọ́ nípa ẹja ni ó ń kọ́ ní yunifásítì.

Àwọn ọmọ kíláàsì sọ ẹja kọ̀ọ̀kan lórúkọ.

Mùíbátù sọ ẹja kékeré kan ní Ewé. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa.

Johnson, ọmọ pásítọ̀, sọ ẹja aláwọ̀ aró ní Àlàáfíà.

"Kí àlàáfíà lè wà nínú omi ni," ni Johnson wí.

"Àmín!" ni gbogbo kíláàsì dáhùn.

Àlàáfíà lẹ́wà púpọ̀. Ó ń dán yinrin. Bí ọmọdé bá sún mọ́ dígí, Àlàáfíà a jó fún un. Fìrì, fìrì, fìrì!

Ẹja kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Arúgbó. Ojú rẹ̀ hun jọ. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ gbàgàdà. Orí òkúta ni ó máa ń jókòó sí.

Kò sí ẹni tí ó fẹ́ràn Arúgbó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Mùíbátù sáré lọ sí ìdí àpótí dígí.

"Ewé, ṣé o jí?"

Ewé kò jáde. Ó fara pamọ́ sí ẹ̀yìn òkúta. Ìrù rẹ̀ ti ya!

Àǹtí Àpọ́nlé fọ́n oúnjẹ sínú omi. Àwọn ẹja yòókù jẹun. Ewé kò jẹun.

"Àǹtí, bí Ewé kò bá jẹun ńkọ́?"

Àǹtí Àpọ́nlé gbé e mọ́ra. "Bí kò bá jẹun, yóò kú, ọmọ mi."

Ojú Mùíbátù kún fún omijé. "Ta ló ń gé ìrù Ewé jẹ?"

"Arúgbó ni!" ni Johnson wí. "Ẹ wo ẹnu rẹ̀! Ẹnu bí àpò gaàrí!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. "Arúgbó ni! Arúgbó ni!"

"Ó dára," ni Àǹtí Àpọ́nlé wí. "Lọ́la, Bọ̀dá Ephraim yóò wá mú Arúgbó kúrò. Yóò sì mú ẹja tuntun wá fún wa."

Arúgbó jókòó sórí òkúta rẹ̀. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Páà, páà. Kò lè sọ̀rọ̀.

Ọ̀sán pọ́n. Àwọn ọmọ jẹun tán. Wọ́n gbé orí lé tábìlì, wọ́n sì sùn.

Ọkọ̀ àjàgbé ń kọjá lọ sí ilé-iṣẹ́. Gbììì! Omi inú dígí mì lẹ̀gẹ̀lẹ̀gẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ omi ń rìn lára ògiri. Ó ń rìn lórí irun àwọn ọmọ tí ń sùn. Ó dà bí ẹni pé gbogbo kíláàsì wà ní ìsàlẹ̀ òkun.

Oorun kò kun Mùíbátù. Ó di ojú kan, ó ṣí èkejì.

Fìì! Ohun kan sáré láàárín òkúta.

Fìì! Ó lé ẹja pupa. Fìì! Ó lé ẹja funfun. Arúgbó pàápàá sá!

Gbáù! Ó bu ìrù Ewé jẹ.

Ẹja aláwọ̀ aró ni.

Nígbà tí Johnson jí, Mùíbátù fẹnu sí i létí. "Johnson, mo rí ẹja rẹ. Òun ló ń bu Ewé jẹ."

"Irọ́ ni!" ni Johnson wí. "Àlá lo lá. Ṣé Àlàáfíà a máa jà ni?"

Àwọn ọmọ gbọ́. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. "Mùíbátù alálàá! Mùíbátù alálàá!"

Ní ìrọ̀lẹ́, Mùíbátù jókòó ti ìyá rẹ̀ ní ilé wọn ní àdúgbò Joju.

"Màámi, báwo ni ènìyàn ṣe lè fi àlá rẹ̀ han ẹlòmíràn?"

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Àfi kí ẹ jọ lá a."

Mùíbátù ronú. Ó ronú títí oorun fi gbé e lọ.

Ní ọjọ́ kejì, Bọ̀dá Ephraim dé. Ó mú àwọ̀n kékeré kan àti àpótí dígí kékeré kan lọ́wọ́, láti fi gbé Arúgbó lọ. Ó gbé ọ̀rá méjì tí omi kún inú wọn.

"Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin olówó ẹja!"

"Ẹ kú ọ̀sán, sà!"

Ẹja aláwọ̀ aró wà nínú ọ̀rá kan. Ẹja aláwọ̀ ewé wà nínú ọ̀rá kejì.

"Ìdílé kan náà ni wọ́n," ni Bọ̀dá Ephraim wí. "Àwọn kan máa ń jà, wọn kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá níwájú ilé wọn. Àwọn kan a sì máa bá ara wọn rìn jẹ́jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń wò wọ́n lójoojúmọ́ ni ẹ mọ ìwà wọn. Èwo ni kí n dà sínú omi?"

"Aláwọ̀ aró! Aláwọ̀ aró ló lẹ́wà!"

Mùíbátù na ọwọ́ sókè.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dà á. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa ṣe bí ẹni pé a ń sùn."

"Ká sùn kẹ̀?"

"Ẹ di ojú kan. Ẹ ṣí èkejì."

Àwọn ọmọ gbé orí lé tábìlì. Àǹtí Àpọ́nlé gbé orí lé tábìlì. Bọ̀dá Ephraim náà jókòó sórí àga kékeré, orúnkún rẹ̀ sì kan àgbọ̀n rẹ̀.

Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ìmọ́lẹ̀ omi ń rìn lórí irun wọn. Póló, póló, póló.

Fìì!

Gbáù!

Gbogbo wọn rí i. Johnson náà rí i.

Bọ̀dá Ephraim dìde. Ó fi àwọ̀n gbé ẹja Johnson, ó sì fi í sínú àpótí dígí kékeré náà, níbi tí kò ti ní rí ẹni lé.

Ó gbé ọ̀rá kan sókè. "Ṣé aláwọ̀ aró ni?"

"Rárá o!"

"Aláwọ̀ ewé ńkọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni!"

Àwọn ẹja aláwọ̀ ewé wọ inú omi. Wọ́n ń rìn pọ̀ jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, bí ewé lórí odò.

Ewé yọ orí díẹ̀. Ó yọ ìrù. Ó jáde lọ bá wọn.

Àǹtí Àpọ́nlé fọ́n oúnjẹ. Ewé la ẹnu. Hàmù!

"Ó jẹun! Ewé jẹun!" Mùíbátù ń fò sókè.

Ariwo wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá ilé-ìwé, Ìyáàfin Dúrótoyè, fi sáré wọlé. Àwọn ọmọ kíláàsì kejì kún ẹnu ọ̀nà.

"Ariwo kí nìyí? Ṣé ẹ ti mọ ẹni tó ń gé ìrù ẹja jẹ ni?" Ó nawọ́ sí Arúgbó. "Ẹlẹ́nu ńlá yìí náà ni, àbí?"

Páà, páà, ni ẹnu Arúgbó ń ṣe.

Gbogbo ojú yí sí Johnson. Mùíbátù nìkan ni kò wò ó.

Johnson dìde. Ó nu ojú rẹ̀.

"Rárá, Mà. Kì í ṣe Arúgbó."

"Ta wá ni?"

Johnson nawọ́ sí ẹja rẹ̀ nínú àpótí kékeré. Ó kígbe kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́:

"Àlàáfíà ni!"