Ìdábùú Tó Wà Níta

Ẹni tó kan ìdábùú mọ́ ìlẹ̀kùn yẹn, ìta ló kàn án sí. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí nìyẹn nígbà tí mo dé iwájú yàrá tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, nínú ilé àtijọ́ tí wọ́n ń wó. Irin gígùn ni, ó nípọn, ó sì rẹwà, irú èyí tí wọ́n máa ń tì wọ inú ihò lára férémù kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣí ìlẹ̀kùn. Inú yàrá ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń wà, kí ẹni tó ń sùn lè fọkàn balẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní káfíńtà tó ṣe é ti mutí yó lọ́jọ́ náà. Èmi náà káfíńtà ni, obìnrin tàbí ọkùnrin, a mọ àṣìṣe ara wa.

Ọkùnrin tó ń wó ilé náà ò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo igi yàrá yẹn ni mo lè kó lọ́fẹ̀ẹ́, ìlẹ̀kùn, férémù, àti pátákó ọ̀gánwó tí wọ́n fi bo ògiri, ṣùgbọ́n èmi ni màá tú u fúnra mi, torí àwọn òṣìṣẹ́ òun ti kọ̀ láti wọbẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní eruku ibẹ̀ ló máa ń jẹ́ kí wọ́n wúkọ́. Mo mọ̀ pé irọ́ ló ń pa, ṣùgbọ́n ọ̀gánwó ọ̀fẹ́ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń bi léèrè ìran bàbá rẹ̀. Mo gbé òòlù, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń wá igi. Bàbá mi fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan sílẹ̀ lọ, ọkọ̀ ayé ìgbà kan tí iwájú rẹ̀ jẹ́ irin, tí ẹ̀yìn rẹ̀ títí dé búùtù sì jẹ́ igi. Ọkọ̀ yìí ni wọ́n fi máa ń gbé ìyá mi jáde ní ìrọ̀lẹ́. Wọn kì í lọ síbì kankan, wọ́n á kàn yí ìlú po, wọ́n á padà wálé, ìyá mi á sì máa rẹ́rìn-ín títí di àárọ̀. Lẹ́yìn ikú bàbá mi, ọkọ̀ wà lábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn ilé títí ikán fi jẹ igi ara rẹ̀ tán.

Nígbà tó yá, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Wọ́n gbàgbé orúkọ mi, wọn ò gbàgbé iṣẹ́ mi, nítorí náà "Káfíńtà" ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n gbàgbé pé ọkọ wọn ti kú. Ọkọ̀ nìkan ni wọn ò gbàgbé. Tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, wọ́n á wọ bàtà, wọ́n á gbé báàgì, wọ́n á lọ dúró sẹ́bàá títì. Ọkọ̀ ni wọ́n ń dúró dè. Ọjọ́ kan wà tí a wá wọn títí ẹsẹ̀ wa fi wú.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní òun ti rí ojútùú: ká máa ti ìyá wa mọ́ yàrá. Mi ò ní pè é ní "wọ́n" nínú ìtàn yìí, ọ̀wọ̀ ní ibi tó ń gbé. Ó ní ìfẹ́ ni. Mo ní kó fi ìfẹ́ náà ti ara rẹ̀ mọ́lé ná, ká wo bó ṣe máa rí. Ó ní mo yájú, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní màá tún ọkọ̀ bàbá wa ṣe. Tí ọkọ̀ tí ìyá ń wá lọ sí títì bá ti ń gbé wọn jáde nílé, kí ni wọ́n tún fẹ́ lọ dúró dè? Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ó dáa, òun fún mi láyè títí di òjò àkọ́rọ̀. Bí ọkọ̀ ò bá tíì rìn nígbà yẹn, òun á ti ìyá wa mọ́lé, kò sì sí káfíńtà tó máa dá òun dúró.

Pátákó ara ògiri yẹn ni mo fi kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Igi náà gbà fún mi lọ́nà tí igi kì í gbà fún èèyàn; ibi tí mo bá fojú sùn ló ń tẹ̀ sí. Ìlẹ̀kùn àti férémù ni mo gbé sí yàrá ìyá mi, nítorí ikán ò dá tibẹ̀ náà sí. Iṣẹ́ wa ní òfin kan: ìlẹ̀kùn àtijọ́ àti férémù rẹ̀ kò gbọdọ̀ pínyà. Wọ́n ti wú pọ̀ nígbà òjò, wọ́n ti gbẹ pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó bá tú wọn ká á máa fági títí ayé. Bí mo ṣe bá a náà ni mo ṣe gbé e sí, tòun ti ìdábùú níta. Mo lè yọ irin náà. Mi ò yọ ọ́, torí mo ti ha ìpẹtà ara rẹ̀ kúrò, ó ń dán gbinrin, ojú mi ò sì lè kúrò lára rẹ̀. Ilé mi ni, ta ló fẹ́ tì í?

Ìgbà tí mo ń ha fáníìsì àtijọ́ kúrò lójú inú ìlẹ̀kùn ni ọwọ́ mi kan àwọn ilà kan. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà, ibi tí ọwọ́ ẹni tó bá kúnlẹ̀ lè dé. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n sì jìn. Mo sọ fún ara mi pé ajá ni. Mo fi ẹnu ọ̀bẹ yọ nǹkan kan nínú ọ̀kan nínú wọn, ó fẹ́lẹ́, ó funfun, ó tẹ̀. Èékánná ni. Kì í ṣe ti ajá. Mo fẹ́ ẹ dànù mọ́ ìyẹ̀fun igi, mo sì ń báṣẹ́ lọ, torí káfíńtà tó bá ń bẹ̀rù igi, kó lọ máa ta aṣọ.

Kò pẹ́ tí ìyá mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ọ̀rẹ́ ṣe ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀, tí wọ́n bá sọ tán wọ́n á dákẹ́, wọ́n á gbọ́ èsì, wọ́n á mi orí. Òórùn àtíkè ń jáde níbẹ̀, ìyá mi ò sì kùn àtíkè rí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo bi wọ́n pé ta ni.

"Àlejò mi ni," wọ́n dá mi lóhùn. "Ó ní kí n kí ọ, Káfíńtà. Ó ní ọwọ́ rẹ rọ̀. Ó ní kò dun òun nígbà tí o ń ha òun."

Ohun tó yẹ kí èèyàn gidi ṣe ni kó ké, kó sá jáde. Ṣùgbọ́n mo wo ojú ìyá mi, ó tutù, ó sì mọ́, mi ò rí i bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ní kí wọ́n bá mi kí àlejò. Mo padà sídìí ọkọ̀ mi.

Ọkọ̀ ló wá ń ṣe wàhálà. Mẹkáníìkì tó ń bá mi ṣe ẹ́ńjìnnì, Má-fipá-ṣe ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí ohun tó máa ń sọ fún gbogbo nọ́ọ̀tì tó bá le tí kò fẹ́ tú nìyẹn. Ó tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó tò ó padà. Iná ń dé púlọ́ọ̀gì, epo ń dé ibi tó yẹ kó dé, ọkọ̀ kọ̀, kò jí. Lọ́jọ́ kan mo bá a tó dúró tó ń wo àga ẹ̀yìn. Lẹ́dà tuntun tí mo fi bo àga náà ti wọnú díẹ̀ lápá kan, bí ibi tí ẹni tí kò sanra ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò, òórùn àtíkè sì gba inú ọkọ̀ kan. Má-fipá-ṣe nu ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀ yìí, pé ọkọ̀ yìí ń dúró de ẹnì kan ni, òun náà sì fẹ́ lọ dúró nílé òun.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mi ò tíì ṣe: ìlẹ̀kùn búùtù. Pátákó ti tán, kò sì sí igi tó bá àwọ̀ àwọn yòókù mu. Ojú ọ̀run ti ń ṣú. Mo jáde lọ sí ibi tí wọ́n ti ń la pákó lẹ́yìn ìlú, mo wá a títí, mi ò rí. Ibẹ̀ ni òjò àkọ́rọ̀ ti ká mi mọ́. Mo ronú kan ẹ̀gbọ́n mi. Eré ni mo sá délé.

Mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì kí n tó dé ìdí àtíbàbà. Ọkọ̀ bàbá mi ń ṣiṣẹ́, ohùn rẹ̀ dún lọ geere bíi tìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú àpò mi, mo fọwọ́ kàn án kó lè dá mi lójú. Ìyá mi jókòó síwájú, báàgì wọn wà lórí itan. Láti ẹnu ọ̀nà dé abẹ́ àtíbàbà, ọ̀wààrà òjò ni, ṣùgbọ́n bàtà wọn gbẹ, aṣọ wọn gbẹ, kò sí ẹ̀kán omi kan lára wọn. Wọ́n yíjú sẹ́yìn, wọ́n ń bá àga tó ṣófo sọ̀rọ̀.

Nínú ilé, ẹnì kan ń lu ìlẹ̀kùn yàrá ìyá mi látinú. Ìdábùú ti wọ inú ihò rẹ̀ dé ìdí. Mo fa á, ó sì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló wà nínú yàrá, ó kúnlẹ̀, orí ìka rẹ̀ ti bó.

Mi ò tíì gbọ́ kí ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ rí, àfi ọjọ́ náà. "Mo mú ìyá wọlé," ó ní. "Mo jáde síta, mo ti irin náà, mo gbọ́ bó ṣe wọlé. Mo yíjú kí n máa lọ, ògiri ni mo rí níwájú mi. Inú ni mo wà. Mo pariwo títí. Ẹnì kan ń mí lódìkejì ìlẹ̀kùn. Ó ní kí n fara balẹ̀. Ó ní ìfẹ́ ni."

Mo padà sínú òjò, mo wọnú ọkọ̀, mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, mo ń sunkún. Bí èèyàn bá sì ń sunkún, á máa ríran: nínú dígí kékeré tó wà lókè orí mi, mo rí i tí lẹ́dà àga ẹ̀yìn wọnú díẹ̀ sí i, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣe ara rẹ̀ ní ìrọ̀rùn.

Mo bi ìyá mi pé ta ló ti àlejò wọn mọ́lé nígbà náà.

"Ọmọ rẹ̀ ni," wọ́n ní, bí ẹni ń sọ ohun tó wà lọ́jà. "Òun náà máa ń rìn jáde. Ọmọ rẹ̀ á gbé oúnjẹ wá, á tì í. Nígbà tó yá, ó tì í, kò gbé oúnjẹ wá mọ́." Wọ́n tún báàgì wọn ṣe lórí itan. "Káfíńtà, wa ọkọ̀ ká máa lọ, ó ti pẹ́ tó ti ń retí."

Mo wa ọkọ̀. A yí ìlú po nínú òjò, láìsí ìlẹ̀kùn búùtù, omi ń ta wọlé, ìyá mi ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, gbogbo ẹni tó gbọ́ ló ní ká sun ìlẹ̀kùn yẹn, ká ti ọkọ̀ dà sínú ọ̀gbun, ká pe ẹni tó lágbára àdúrà. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń ké jù nínú wọn. Mo jẹ́ kí wọ́n ké tán. Mo ní nínú ọ̀rọ̀ yìí, ta ló ṣẹ̀ wá, ẹni tó ṣí ìlẹ̀kùn ni àbí ẹni tó tì í? Mo ní àgbà obìnrin tí wọ́n tì mọ́lé títí ó fi kú, ẹ fẹ́ kí n tún lé e jáde kúrò nínú ọkọ̀. Mi ò lé e. Ẹni tí kò bá lè bá wa gbé, ọ̀nà là á fi sílẹ̀ fún un.

Mo rú òfin iṣẹ́ mi. Mo yọ ìlẹ̀kùn náà kúrò lára férémù, mo fi ayùn là á. Mi ò fági lára rẹ̀ rárá. Ó bọ́ sí ojú búùtù, ó sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó délé. Aṣọ ni mo ta sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá mi, atẹ́gùn ń gbé e sókè sódò. Wọn ò lọ sẹ́bàá títì mọ́. Tí oòrùn bá rọlẹ̀, wọ́n á gbé báàgì wọn, wọ́n á wá jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n á ní àwọn méjèèjì ti múra tán. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì máa ń wá kí wọn. Ìta ló máa ń jókòó sí.

Ìdábùú ńkọ́? Mi ò sọ ọ́ nù, irin tó rẹwà tó báyẹn. Mo kàn án mọ́ ìlẹ̀kùn búùtù, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, inú ni mo kàn án sí. Má-fipá-ṣe wò ó, ó ní ta ló máa ń ti búùtù látinú. Mo ní ẹni tó bá wù.

Nígbà mìíràn tí a bá ti dé, tí mo ti mú ìyá mi wọlé, màá padà wá jókòó díẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì á ti kú, gbogbo ibẹ̀ á dákẹ́. Màá wá gbọ́ irin náà lẹ́yìn mi. Á wọlé. Á dúró díẹ̀. Á tún jáde. Àlejò wa ni, wọ́n ń dán an wò. Mi ò ní wo ẹ̀yìn. Ọwọ́ wọn ni ìdábùú wà báyìí.