Àga tí a fi lọ Zvidzai

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni, òjò wínníwínní ń rọ̀ ní Penhalonga, ìlú wa tí a ti ń wa góòlù. Abẹ́ òrùlé ilé ìwòsàn la wà, síbẹ̀ àga kẹta, tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí, ń kán omi. Ambuya Erina, ìyá àgbà tí wọ́n kọ́ láti máa bá àwọn ènìyàn tú ọkàn wọn wò, fi aṣọ nù ún.

“Shumba,” orúkọ ìdílé mi ló fi pè mí, “o ní o kì í sùn, o ò sì lè wo ojú ìyàwó rẹ. Ta lẹ jọ ń jà?”

“Zvidzai, ọ̀rẹ́ mi. Ó yan ìyàwó mi lálè.”

Mi ò sọ fún un pé Zvidzai ti kú.

“Pè é kó wá jókòó síbí. Sọ ohun tó ń dùn ọ́ fún un. Lẹ́yìn náà, bọ́ sórí àga rẹ̀, kí o fi ẹnu rẹ̀ dá ara rẹ lóhùn. Wàá mọ inú rẹ̀, wàá sì mọ tìrẹ.”

Mo pè é. Mo bú u tẹ́rùn, ara tù mí. Mo bọ́ sórí àga rẹ̀. Òórùn kòtò góòlù gbà mí nímú. Ohùn tó jáde lẹ́nu mi kì í ṣe tèmi.

“Shumba, ọ̀lẹ ọkọ. Okùn tí o fi ń fà mí jáde nínú kòtò, ṣé ó já lóòótọ́?”

Ambuya rẹ́rìn-ín. “O mọ̀ ọ́n sín jẹ o.”

“O jọ̀wọ́ rẹ̀ ni. Mo rí ojú rẹ lókè, ò ń wò mí bí mo ṣe ń já bọ́.”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ìyá náà. “Ọmọ mi, ṣé ẹni yìí ti kú ni?”

Mo fẹ́ dáhùn, ahọ́n mi kò gbọ́ tèmi. Lọ́dọ̀ wa, a kì í fi àga lọ òkú tí a pa, tí a kò tíì san gbèsè ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún ìdílé rẹ̀. Bó bá ti jókòó, ó di ara ilé nìyẹn.

“Ìyá mi ò lẹ́nì kan mọ́,” ohùn náà sọ jẹ́jẹ́. “Nyaradzo, ọmọ rẹ, ni kó lọ máa pọnmi fún un. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí mi ò rí i níbẹ̀, èmi fúnra mi á wá mú un.”

Mo sáré padà sórí àga mi. Ó gbóná, bí ẹni pé ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀.

“Mi ò lè lé e,” Ambuya sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Lọ jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀. Bóyá á gba màlúù dípò ọmọ.”

Mo gba inú òjò lọ sílé ìyá Zvidzai. Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, mo jókòó sórí ilẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, bí a ti ń ṣe lọ́dọ̀ wa tí a bá fẹ́ tọrọ àforíjì.